Àwẹ̀ró Abiyamọ Ògiri: Bí Ilé Pupa Ṣe Dúró Lórí Òkè Agbe

Ní ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo tán létí odò Ọ̀ṣẹ́rẹ́, ènìyàn mẹ́tàlélógójì ń gbé lórí Òkè Agbe láìní òrùlé kan ṣoṣo tó lè gba òjò lórí wọn. Wọn kì í ṣe ọdẹ, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ogun tó sá. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ahunṣọ, abiyamọ àti arúgbó, tí wọ́n ru ẹrù wọn kúrò ní Ìgbólé, ìlú bàbá wọn, tí wọ́n sì rin ìrìn ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó dé ilẹ̀ Òrọ̀mú. Ohun tó lé wọn jáde kò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan lọ. Wọ́n ti gba ìgbàgbọ́, wọ́n sì ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé àwọn kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí àwọn àgbà Ìgbólé wá kéde pé ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo ìlú yóò máa yẹ ọ̀nà, àwọn onígbàgbọ́ yìí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yẹ tiwọn lọ́jọ́ Ajé, kódà kó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìlú ní rárá. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, ará ìlú sì tú bẹẹrẹ orí ilé wọn dànù ní ojúmọmọ. Ẹni tí a bá tú òrùlé kúrò lórí rẹ̀, a kò ní í sọ fún un mọ́ pé kó máa lọ.

Ọlọ́rọ̀mú, ọba tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ká kò bí àlejò bá dé, fún wọn ní Òkè Agbe. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Òrọ̀mú ní àṣà tirẹ̀, ọba pàápàá kò sì lè yí i padà. Àtìpó tí a bá fún nílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ilé alámọ̀ sórí rẹ̀, kó bo òrùlé rẹ̀, kó sì dáná nínú rẹ̀, kí iṣu tuntun tó wọ ọjà ìlú. Àgọ́ kì í ṣe ilé, àtíbàbà kì í ṣe ilé. Bí ilé náà kò bá dúró, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù, ẹni yẹn ni Olóyè Ọ̀dọ̀fin Lápitẹ́, tí oko obì rẹ̀ parí sí ẹsẹ̀ òkè náà gan-an. Ọjọ́ pẹ́ tí Ọ̀dọ̀fin ti ń fojú wọn òkè yìí. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àlejò dé, ó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń mọlé. Ẹni tó bá ń mọlé nígbà òjò, omi ló ń fi kọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́tàlélógójì yìí kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ. Ẹ̀yìn wọn ni Ìgbólé wà, iwájú wọn sì ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún wọn láṣẹ láti wọ̀.

Láàárín wọn ni Àwẹ̀ró wà. Dúdú ni, ó ga díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gùn, àwọn ìka rẹ̀ sì le bí ìka ọkùnrin tó ń roko, nítorí inú amọ̀ ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ mọ ìkòkò fún ìlú mẹ́fà. Àwọn ni wọ́n ń kì pé *ọmọ amọ̀kòkò-má-jò, ọmọ ab'erùpẹ̀-sọ̀rọ̀-kó-dá-a-lóhùn.* Asáríà Oyèbámijí, olórí ìjọ kékeré náà, ni ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Asáríà, ó mọ ìwé kà, ohùn rẹ̀ sì dùn nínú orin, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ bí a ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n ní, Jẹ́mímà, tí kò tíì pé oṣù márùn-ún nígbà tí wọ́n kúrò nílé.

Ọ̀mọlé kan ṣoṣo ló wà nínú ìjọ náà, Gídíónì ni orúkọ rẹ̀, alápàárá ni, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní erùpẹ̀ orí òkè ni wọn yóò fi mọlé, torí pé ó wà nítòsí. Àwẹ̀ró bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, ó fi omi sí i, ó lọ́ ọ bí okùn, ó sì fẹ́ wé e mọ́ ìka rẹ̀. Okùn náà já sí mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n Gídíónì, ẹ wò ó," ni ó wí. "Iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Amọ̀ tí kò lè wé mọ́ ìka kò lè gbé òrùlé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ níbi odò, pupa ni, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Bí a bá gé koríko gbígbẹ sí i..."

"Ìyàwó wa," ni Gídíónì dá a lóhùn, ó sì yíjú sí àwọn tó kù, "ṣé ilé la fẹ́ mọ ni, àbí ìkòkò ọbẹ̀? Ẹ bá mi bi í kó sọ ibi tí a ó ti ṣí ọmọrí rẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, ó gbé agbè omi rẹ̀, ó sì lọ pọn omi, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà: obìnrin a pọn omi, ọkùnrin a mọ ògiri. Ṣùgbọ́n okùn amọ̀ tó já náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí tó fi dé odò.

Ẹni tí kò bá mọlé rí lè má mọ̀ pé sùúrù ni iṣẹ́ náà. Ìpele kan kì í ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bí a bá ti tò ó yí ilé ká, a ó fi sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí òjò bá sì fẹ́ rọ̀, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ti mọ nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, ọjọ́ Ìsinmi ni ó sì jẹ́. Ojú ọ̀run ti mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sẹ́ni tó ronú láti bo nǹkan kan. Nígbà tí ìkúùkù ṣú, imọ̀ wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n Asáríà na ọwọ́ sókè, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pàdánù ilé ní Ìgbólé, wọn kò ní í tà á nítorí ilé ní Òrọ̀mú. Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń kọrin, omi ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń wo bí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń dẹ̀, tó ń fì, tó sì ń dà lulẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná tí a tú. Iṣẹ́ oṣù kan lọ nínú òjò kan.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀dọ̀fin gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, ó sì rọra gòkè wá kí wọn.

"Ẹ kú ìnáwó omi o!" ni ó wí, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ẹrẹ̀ náà. "Mo gbọ́ pé imọ̀ wà nílẹ̀. Ṣé Ọlọ́run yín ló ní kí ẹ jẹ́ kí imọ̀ náà sinmi pẹ̀lú yín ni?"

Àwẹ̀ró nìkan ló kúnlẹ̀, ó sì kí i dáadáa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí àgbà. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Bí a bá parí rẹ̀, ẹ ó wá bá wa yà á sí mímọ́."

"Bí ẹ bá parí rẹ̀ kẹ̀?" Ọ̀dọ̀fin rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n sọ ṣá!"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Gídíónì gba ẹ̀yìn àtíbàbà wá bá Àwẹ̀ró. Kò wo ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ họ orí, ó ní, "Ìyàwó wa, ibo lo ní amọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ yẹn wà?"

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti yí padà lórí Òkè Agbe. Amọ̀ pupa ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń rù, tọkùnrin tobìnrin, Àwẹ̀ró sì ni ó ń sọ ìgbà tí ó tó. Ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, wọ́n ń tẹ amọ̀ mọ́lẹ̀ títí kò fi ní kókó kankan mọ́. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá Asáríà, tí orúnkún ti ń dùn ún fún ọdún mẹ́jọ, a jókòó sórí òkúta, a máa ka ìṣísẹ̀ wọn: "Ìyàwó Gídíónì, ẹsẹ̀ òsì rẹ ń ṣe ọ̀lẹ! Mo rí ọ!" Kò sí ẹni tó rántí pé ìgbà òjò ni mọ́. Àwọn tó sunkún nígbà tí wọ́n kúrò ní Ìgbólé ń jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo lórí òkè, wọ́n ń wo odò Ọ̀ṣẹ́rẹ́ tó ń dán nísàlẹ̀, ara sì tù wọ́n. Wọ́n pa á láṣẹ pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n fi imọ̀ bo ògiri, kí ọjọ́ Ìsinmi má baà bá wọn ní ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri ṣe ń ga, ìpele kan, ìpele méjì, títí ó fi di mẹ́fà.

Ìpele kẹfà ni ó kẹ́yìn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n mọ ọ́n, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló sì kù kí iṣu tuntun wọ ọjà. Igi àjà ti wà nílẹ̀, ẹkẹ ti wà nílẹ̀, bẹẹrẹ ti gbẹ. Bí ògiri yìí bá gbẹ, wọn yóò bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá wó, kò sí ọjọ́ tó kù láti mọ òmíràn. Ọmọdé pàápàá mọ ìṣirò náà. Wọ́n fi imọ̀ bo ògiri, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lọ sùn pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìsìn ti dé àárín, Asáríà dúró nínú aṣọ ìsìn rẹ̀ funfun, ó ń wàásù, nígbà tí ìjì dé láti ìlà oòrùn. Kò kọ́kọ́ mú òjò dání. Atẹ́gùn nìkan ni, ṣùgbọ́n ó gbé imọ̀ kúrò lórí ògiri bí ẹni ń ká ẹní. Ó yí òkúta dànù, ó gbá imọ̀ díẹ̀ sọ nù sí ẹ̀yìn òkè, ó sì fọ́n ìyókù káàkiri ilẹ̀. Gbogbo ìjọ yí ojú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri pupa náà dúró ní ìhòòhò, ó ṣì ń dán nítorí pé ó tutù. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.

Jẹ́mímà wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá ọmọ náà lórí, Àwẹ̀ró sì fa ìborùn rẹ̀ bò ó láìronú. Ó wo ọwọ́ tó fi fa aṣọ náà. Ó dìde dúró.

"Bàbá Jẹ́mímà, ẹ jọ̀ọ́, imọ̀ ti ká kúrò lórí ògiri."

"Mo rí i. Jókòó, Ìyá Jẹ́mímà. Ọjọ́ Ìsinmi ni."

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi ni."

"Bí o bá mọ̀, kí ló gbé ọ dìde?"

Àwẹ̀ró kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ti wù kí atẹ́gùn náà pariwo tó. Ó ní: "Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ mi. Láàárọ̀ yìí mo fún ọmọ mi lọ́mú, kò sẹ́ni tó sọ pé mo ṣiṣẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó bá mi wí. Nísinsìnyí òjò kán sí i lórí, mo fi aṣọ bò ó, gbogbo yín rí mi, olórí ìjọ náà rí mi. Inú amọ̀ ni wọ́n ti bí mi. Mo sì ń sọ fún yín pé amọ̀ tútù, ọmọ ọwọ́ ni. Kò lè rìn, kò lè sá fún òjò, kò lẹ́nu tó lè fi ké. Bí ó bá gbẹ, yóò gbé wa; ṣùgbọ́n lónìí, àwa ni yóò gbé e. Èmi kò ní í mọ ògiri lónìí. Èmi kò ní í fi ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan kún un. Orí ọmọ ni mo fẹ́ lọ bò. Nítorí ìsinmi la ṣe kúrò ní Ìgbólé. Ẹ sọ fún mi, bí kò bá sí ilé, níbo la ó ti máa sinmi?"

Ó jáde. Òun nìkan ló kọ́kọ́ jáde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣa imọ̀ nílẹ̀, atẹ́gùn ń gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Lábẹ́ àtíbàbà, gbogbo ojú wà lára Asáríà, Asáríà sì ń wo ilẹ̀.

Ìyá Àgbà ló na ọwọ́ sí àwọn tó jókòó tì í. "Ẹ gbé mi dìde!" ni ó wí. "Orúnkún mi ni kò gbọ́ràn, etí mi gbọ́. Asáríà, ìwọ ọmọ yìí, ìwọ fúnra rẹ lo ka ìwé, tí o ṣírò ọjọ́, tí o sọ fún mi pé ọjọ́ Ìsinmi ni mo bí ọ. Ṣé kí n ti dá ọ dúró títí di ọjọ́ Ajé ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Gídíónì ni. Ó ti ń sáré kó tó rẹ́rìn-ín náà tán. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn tú jáde, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n ń gbé imọ̀, wọ́n ń gun àkàbà, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. Wọ́n bo apá ọ̀nà, wọ́n bo ẹ̀yìn, wọ́n bo apá odò. Ṣùgbọ́n imọ̀ tí ìjì gbé lọ kò jẹ́ kí ìyókù tó. Igun ìlà oòrùn, níbi tí òjò ti ń bọ̀, ṣì wà lásán. Àwọn obìnrin tú ìborùn wọn lé e, kò tó. Nígbà náà ni Asáríà dé. Ó bọ́ aṣọ ìsìn rẹ̀ funfun, ó gun àkàbà, ó tẹ́ aṣọ náà sórí igun ògiri, ó sì fi àyà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Àwẹ̀ró wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó di etí aṣọ náà mú. Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya náà wà títí òjò fi dá. Asáríà bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Jẹ́mímà ńkọ́?" Àwẹ̀ró sì dá a lóhùn pé, "Ó ti sùn."

Nígbà tí oòrùn yọ, ibì kan ṣoṣo ni òjò jẹ nínú ògiri náà, kò ju igbá kékeré kan lọ. Ìyókù dúró. Asáríà gbé aṣọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ti mu amọ̀ láti etí ìsàlẹ̀ dé orúnkún, pupa rẹ̀ kò sì ṣí mọ́ láéláé, bí wọ́n ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó padà sábẹ́ àtíbàbà, ó sì parí ìsìn náà. Kò padà sí ìwàásù rẹ̀ mọ́. Ohun tó sọ kò ju pé, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ìyàwó tí kì í gbọ́ 'jókòó.'" Ìjọ sì ṣe àmín tó dé oko obì Ọ̀dọ̀fin.

Ó ku ọ̀la kí iṣu tuntun wọ ọjà nígbà tí Ọ̀dọ̀fin gòkè wá pẹ̀lú Ẹmẹ̀sẹ̀ ọba, ìránṣẹ́ ààfin tí a rán láti wá fi ojú rí ilé náà. Bẹẹrẹ ti bo ilé. Èéfín ń yọ láti inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọ̀pá gún ògiri, ọ̀pá ta padà. Ó fi èjìká tì í, èjìká ló dùn ún.

"Ta ló mọ ilé yìí?" ni ó bèèrè.

Gídíónì ló yẹ kó dáhùn, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń wò. Gídíónì na ìka sí Àwẹ̀ró. "Èmi gbé amọ̀ léra," ni ó wí. "Òun ló mọlé."

Ọ̀dọ̀fin pàtẹ́wọ́. "Ẹmẹ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ ọ! Obìnrin ló mọ ọ́n. Ilé tí obìnrin mọ, ṣé ilé nìyẹn náà?"

Ẹmẹ̀sẹ̀ jẹ́ àgbà tó ti rí ọba mẹ́ta. Ó ti jókòó sínú ilé náà ní tirẹ̀, ó ti ń jẹ iṣu tí Àwẹ̀ró gbé síwájú rẹ̀. Ó gbé òkèlè mì kó tó dáhùn. "Olóyè," ni ó wí, "inú ìkòkò tí obìnrin mọ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ yín láti ìgbà tí ẹ ti já lẹ́nu ọmú. Ṣé ó ti jò rí?"

Ẹ̀rín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé tuntun náà lọ. A kò sì gbọ́dọ̀ fi ti Ọ̀dọ̀fin sílẹ̀: òun náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó gbé iṣu tirẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì rán an létí pé ó ti ṣèlérí láti wá bá wọn yà á sí mímọ́. Ọ̀dọ̀fin ní òun kò ṣèlérí kankan. Ó jẹ iṣu náà tán. Láti ọdún yẹn ni ó ti ń fi obì àkọ́so ránṣẹ́ sórí òkè, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Àwẹ̀ró bí ọmọ mẹ́fà mìíràn nínú Ilé Pupa. Inú rẹ̀ ló ti di arúgbó, inú rẹ̀ ló sì ti sùn nínú Olúwa. Òkè Agbe ti di ìlú ńlá, ó ní ilé-ìwé, ó ní ọjà tirẹ̀. Páànù ti gba ipò bẹẹrẹ lórí Ilé Pupa, ṣùgbọ́n ògiri ìpele mẹ́fà náà ni ó ṣì gbé e. Gbogbo olórí ìjọ tó ti jẹ lórí òkè náà ni aṣọ ìsìn rẹ̀ ń ní ìgbátí pupa láti etí ìsàlẹ̀ dé orúnkún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ kó mọ́. Bí wọ́n bá sì ń kì ọmọ bíbí ilé náà, wọ́n á ní: *Ọmọ Àwẹ̀ró abiyamọ ògiri, ọmọ a-pọ̀n-lẹ́yìn-a-pọ̀n-níwájú, ọmọ ab'orí-ilé kí ilé tó b'orí ọmọ.*

Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Bí òjò bá ṣú lọ́jọ́ Ìsinmi, olórí ìjọ yóò dá ohun tó ń sọ dúró, ì báà jẹ́ àárín àdúrà, yóò sì bi ìjọ pé, "Ilé ta ló ṣì tutù?" Ẹni tó bá ní ògiri tútù yóò na ọwọ́, gbogbo ìjọ yóò jáde lọ bá a bò ó, wọn yóò sì padà wá parí ìsìn. Lónìí, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń kọ́ ilé lórí òkè, òjò kò lè fọ ògiri kankan lulẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣì ń bèèrè rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà mìíràn, opó tí páànù rẹ̀ ṣí ni yóò na ọwọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tó sá èlùbọ́ síta, tàbí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì níbi tí yóò sùn. Gbogbo ìjọ a sì dìde.